WRX tàbí Golf R ní Abẹ́òkúta: èsì sí ẹni tí báǹkì fẹ́ yá ní mílíọ̀nù méje

Ẹ kú ìbéèrè, arákùnrin wa ní Àsẹ́rò. Ẹ ní ọkọ̀ kékeré tó lágbára, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ni ẹ fẹ́ rà. Òkè-Mósàn ni ibi iṣẹ́ yín wà, ẹ sì máa ń lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ní mílíọ̀nù 8 náírà lọ́wọ́ àti mílíọ̀nù 2 nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín. Subaru WRX tòkunbọ̀ ti ọdún 2015 kan wà tí wọ́n pè ní mílíọ̀nù 15, báǹkì sì ti ṣe tán láti fi mílíọ̀nù 7 tó kù kún un ní èlé 20% lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ mú WRX náà ni tàbí kí ẹ wá Volkswagen Golf R. Mo ti lo Golf R ní ìlú yìí, WRX tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni mo sì ń wà títí di òní, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. WRX bá ọ̀nà wa mu ju Golf R lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó báǹkì yẹn rà á.

Orí owó ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni báǹkì ń gbà ṣírò èlé. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní flat, èlé wà lórí gbogbo owó tí ẹ yá láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹrìndínlógójì, bí ẹ tilẹ̀ ti san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Nínú èkejì, orí ìyókù gbèsè nìkan ni èlé wà, ó sì ń dín kù bí ẹ ti ń san án. Flat ni ìwé tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, ó hàn nínú nǹkan bí 311,000 náírà tí wọ́n ní kí ẹ máa san lóṣooṣù. 20% lórí mílíọ̀nù 7 jẹ́ mílíọ̀nù 1.4 lọ́dún; ní ọdún mẹ́ta ó di mílíọ̀nù 4.2, nítorí náà mílíọ̀nù 11.2 ni ẹ óò san padà, ìyẹn nǹkan bí 311,000 náírà lóṣooṣù. Bí báǹkì mìíràn bá ní 30% ni òun yóò gbà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ lórí ìyókù gbèsè, nǹkan bí 297,000 ni ẹ óò máa san lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7. Èyí tó dún létí bí ẹni pé ó wọ́n ni ó dín owó kù. Bí a bá yí 20% flat yẹn padà sí irú èlé kejì, ó lé ní 33% lọ́dún.

Nígbà tí èmi náà ń wá owó, mo ní kí òṣìṣẹ́ báǹkì kan fi ètò ìsanwó hàn mí láti oṣù àkọ́kọ́ dé oṣù ìkẹyìn, kì í ṣe àròpọ̀ rẹ̀ nìkan. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Iye èlé tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an ló wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn, kọ́bọ̀ kò dín níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba ilé lọ. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òdiwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024; nígbà tí òdiwọ̀n yẹn bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá pe 20% fún yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú 20% tó jẹ́. Wọn yóò tún ní kí ẹ ṣe ìbánigbófò comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ tiyín náà, kì í ṣe ti ẹni tí ẹ bá kọlù nìkan, ní gbogbo ìgbà tí gbèsè náà bá wà lọ́rùn yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánigbófò ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé owó irú ìbánigbófò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 5% iye ọkọ̀, èyí tó túmọ̀ sí 750,000 náírà lọ́dún àkọ́kọ́ lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù 15. Èmi yóò ṣe é bí n kò tilẹ̀ jẹ báǹkì ní gbèsè, nítorí ọkọ̀ tí páàtì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí a fi third party nìkan gbé jáde, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò sí nínú 311,000 tí wọ́n ń pè fún yín.

Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ni kí ẹ fojú sí. Ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti kó jọ, 10% ni èlé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á lórí owó náà, kì í ṣe lọ́dọọdún. Bí òfin tiyín bá jọ bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 2 yín lè mú mílíọ̀nù 4 wá lónìí. Mo mọ̀ pé kò tó. Ṣùgbọ́n 311,000 tí ẹ ti gbà pé ẹ lè san fún báǹkì lóṣooṣù, ẹ máa san án sínú àjẹṣẹ́kù fún ọdún kan. Yóò lé ní mílíọ̀nù 3.7, owó yín níbẹ̀ yóò sì di mílíọ̀nù 5.7. Nígbà náà ẹ lè yá mílíọ̀nù 7 gan-an tí ẹ fẹ́ yìí, bí owó oṣù yín bá gbé e tí ẹ sì rí onídùúró, èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ 700,000 dípò mílíọ̀nù 4.2. Ẹnì kan lè ní owó ọkọ̀ yóò ti gòkè kí ọdún tó yí po. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò dájú, nígbà tí mílíọ̀nù 4.2 ti báǹkì dájú láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé. Nínú owó tí ẹ bá kó jọ, ẹ ya mílíọ̀nù 2 ó kéré tán sọ́tọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí ọkọ̀ yóò fi dé ilé.

Ohun tí mílíọ̀nù 2 yẹn wà fún gan-an ni táyà. Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kì í gbà kí a pààrọ̀ táyà kan ṣoṣo bí a ti ń ṣe fún Corolla. WRX onígíà ọwọ́ ní ohun kan láàárín gíà rẹ̀ tí ó ń pín agbára ẹ́ńjìnì sí iwájú àti ẹ̀yìn lọ́gbọọgba, 50 sí 50. Subaru ní ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwọ̀n àyíká àwọn táyà náà kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ. Bí táyà kan bá kéré ju àwọn yòókù lọ, yóò máa yí ju wọ́n lọ, ẹ̀rọ àárín yẹn kò sì ní sinmi. Yóò máa gbóná títí yóò fi dì. Fọkanáísà tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́ kò ní mọ èyí, kò sì jẹ̀bi, nítorí ọkọ̀ tó ń rí lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó jọ rà.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Kí n tó rí WRX tí mo rà, mo yẹ òmíràn wò tí kíkùn rẹ̀ ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi rúlà kékeré wọn jíjìn ihò ojú táyà: méjì iwájú jẹ́ mìlímítà 7, méjì ẹ̀yìn kò tó 3. Mo wà á lọ sí ilẹ̀ gbalasa kan ní ìhà Kútọ̀, mo rọ sítíárìn dé òpin, mo fi gíà kìn-ín-ní sí i, mo sì jẹ́ kí ó máa yí po díẹ̀díẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ó ń ta kìtì, ó ń fẹ́ dúró fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ àárín ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń tà á sọ pé ojú ọ̀nà ló fà á, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti mílíọ̀nù 15 yẹn lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná dáadáa, kí ẹ yí i sí ọ̀tún, kí ẹ sì yí i sí òsì.

Táyà náà ló jẹ́ kí n fi Golf R sílẹ̀. Èyí tí mo lò wọ táyà 235/35 R19, ìyẹn ni pé rọ́bà tó wà láàárín rímù àti ilẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 82 lọ. WRX ti 2015 gba 235/45 R17, tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 106. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìtórì àti Ìfọ̀ bọ́ sí Ṣàngó-Ọ̀tà mọ ohun tí mò ń sọ: nígbà òjò, omi ló ń bo kòtò ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà mi wú síta bí ẹyin adìẹ, rímù náà sì ṣẹ́ po. Ohun kejì ni pé ẹ̀rọ Haldex tó ń fún táyà ẹ̀yìn Golf R ní agbára nílò ọ́ìlì tuntun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, àṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù rẹ̀ sì máa ń dí. Bí ó bá dí, ọkọ̀ kì í pariwo, kì í dúró. Táyà iwájú nìkan ni yóò kàn máa fà, ẹni tó ń wà á sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá dé orí amọ̀. Ọkọ̀ tó yára tó sì dára ni Golf R, n kò bú u, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ṣàgámù nìkan ni mo ti ń gbádùn tèmi.

Ní ti fífà gan-an, ilé mi wà ní ìhà Ọbáńtokò, níbi tí ọ̀dà ti parí kí a tó dé ẹnu géètì. Ní àkókò òjò, ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò a máa yọ̀ padà sẹ́yìn lórí amọ̀ pupa yẹn, WRX sì ń gùn ún lọ wọ́ọ́rọ́. Ìdùnnú ńlá ni fún mi títí di òní. Àmọ́ kì í ran bíréèkì lọ́wọ́ rárá: táyà tó ń fà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mú ọkọ̀ dúró kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa wo òkúta.

Ọ̀rọ̀ epo kò ṣeé fò. Ìwé ìlò WRX tó wá láti Amẹ́ríkà ní kí a lo epo octane 91; octane ni òdiwọ̀n bí epo ṣe lè fara dà á tó láìgbiná kí ó tó yẹ. Nǹkan bí 91 náà ni wọ́n ka epo ilé epo wa sí, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n méjèèjì yàtọ̀. 91 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì àròpọ̀ RON àti MON, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn octane, ó sì tó 95 tàbí 96 nínú RON. RON ni 91 tiwa, kò sì ju nǹkan bí 87 ti Amẹ́ríkà lọ. Epo tó rẹlẹ̀ a máa gbiná kí ó tó yẹ nínú ẹ́ńjìnì tọ́bò bíi ti WRX, èyí tí wọ́n ń fi ipá ti atẹ́gùn sí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a sì fa agbára sẹ́yìn kí písítìnì má baà bàjẹ́. Tí mo bá ń gun òkè lọ sí Ìtòkú nínú oòrùn ọ̀sán, mo máa ń já gíà sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì yára yí, n kì í fi gíà gíga tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe láti fi agbára kún un níbí. Bí owó bá pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, Mazda3 Turbo tó bẹ̀rẹ̀ láti 2021 ni ó bá epo wa mu jù nínú irú ọkọ̀ yìí, nítorí Mazda fúnra rẹ̀ sọ pé 250 ni agbára ẹṣin rẹ̀ lórí octane 93 ti Amẹ́ríkà, 227 sì ni lórí 87. Ẹni tí kò bá lè dúró ọdún kan, tí ó sì fẹ́ gun amọ̀ láìsí tọ́bò, Impreza 2.0 gba 87 yẹn láìsí wàhálà, bí kò tilẹ̀ yára.

Ní ti ìwé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé, Ìdírókò tó wà ní ìpínlẹ̀ wa náà sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ náà ti Kùtọ̀nù wá, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà ṣáásí tó wà lára ìwé aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ọkọ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ fi àwòrán nọ́ńbà yẹn ráńṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ti ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó san ohunkóhun, mo lè yọ̀ǹda ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láti bá yín yí i po ní Kútọ̀.