Kí ni nọ́ńbà ń wá lẹ́yìn orúkọ àwọn ọmọ graffiti New York?

Wọ́n sọ fún ẹni tó béèrè pé nọ́ńbà inú orúkọ bíi TAKI 183 jẹ́ àmì ẹgbẹ́ jàǹdùkú, àti pé hip-hop ló bí graffiti, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò wádìí kí wọ́n tó la ẹnu.

Nọ́ńbà òpópónà ni. Ọmọ Gíríìkì kan tó ń gbé ní òpópónà 183, Washington Heights, ní òkè Manhattan, ni Taki. JULIO 204 ti ń kọ tirẹ̀ ṣáájú, àmọ́ àdúgbò rẹ̀ ló fi mọ. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni Taki ń ṣe ní tirẹ̀: ó ń jíṣẹ́ káàkiri ìlú, ibi tó bá dé ló ń kọ ọ́ sí. Ní oṣù keje 1971, New York Times kọ̀wé nípa rẹ̀, làwọn ọmọ ìlú bá ya bo ògiri.

Àwa tí à ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣé ó yẹ kí èyí rú wa lójú? Àwọn ọmọ yẹn sọ ara wọn lórúkọ, wọ́n sì so ilé mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i ní Brooklyn á mọ̀ pé ará òkè Manhattan ti kọjá níbẹ̀. SUPER KOOL 223, òpópónà 223 ní Bronx ni. Orúkọ ni ìpìlẹ̀ graffiti, kì í ṣe àwòrán! Lónìí, wọ́n á ya ojú gbajúmọ̀ sára ògiri, wọ́n á ní graffiti nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọdún. Àríyá DJ Kool Herc ní 1520 Sedgwick Avenue, tí wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ hip-hop, 11 oṣù kẹjọ 1973 ló wáyé. Ọmọ graffiti kan tó ń jẹ́ Cornbread ti ń kọ orúkọ káàkiri ìlú Philadelphia kí 1970 tó dé. Herc fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ orúkọ sára ògiri rí. PHASE 2, ọmọ graffiti tó sọ lẹ́tà di rọ̀bọ̀tọ̀ ní 1972, ló wá ń ya ìwé ìkéde àríyá fún àwọn oní-hip-hop. Ìgbà tí fíìmù Wild Style jáde ní 1983 ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí graffiti àti hip-hop pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà fi hàn pé orúkọ ni olórí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ fa ìlà lẹ́tà orúkọ náà, wọ́n á kun inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ọ̀dà dúdú tún ìlà ẹ̀bá fà, torí pé ọ̀dà tí wọ́n fi kun inú ti bo ti àkọ́kọ́. Inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kí ọ̀dà lè fọ́n jáde ni ọ̀dà náà wà: orí agolo tó ń fọ́n ọ̀dà fẹ̀ ni wọ́n fi ń kun inú, èyí tó tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa ìlà. Bí ọwọ́ bá lọ́ra, tí agolo sì sún mọ́ ògiri jù, ọ̀dà á máa ṣàn wálẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á dojú agolo dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ nìkan á fi máa jáde, kí ọ̀dà má bàa gbẹ dí ihò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló jẹ́ òpópónà o. FUTURA 2000 kò gbé níbì kankan tó ń jẹ́ 2000. Bí ẹ bá sì rí ONE lẹ́yìn orúkọ, ohun tí ẹni náà ń sọ ni pé òun lòun kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.