Kí ló dé tí Robert the Bruce fi ń wó odi tó bá gbà?

Ìbéèrè yẹn dáa, pé báwo ni ọba Skọ́tlándì ṣe máa gba ilé olódi lọ́wọ́ ọ̀tá tán táá tún ní kí wọ́n wó o. Ẹ jẹ́ ká wo ti Edinburgh Castle, ilé olódi tó wà nílùú Edinburgh ní Skọ́tlándì.

Ní 1314 ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà, orí àpáta gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò sẹ́ni tó lè ṣàdédé wọbẹ̀. Thomas Randolph, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun Bruce, wá rí ọkùnrin kan, William Francis, tó ti gbé inú odi yẹn rí, wọ́n ní ó máa ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta yẹn lóru lọ bá ọmọge kan nígboro, torí náà ó mọ ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Òun ló ṣáájú, nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin ń rá tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn, wọ́n gbé àkàsọ̀ ti ògiri, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbà á. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, Bruce ní kí wọ́n wó o!

Kò ní sọ́jà tó lè fi sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ odi kiri, ìyẹn ló fà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, odi tó bá ti dúró, wọ́n á kó oúnjẹ àti ọmọ ogun sínú ẹ̀, wọ́n á máa tibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò lára. Ohun tí Bruce ṣe fún odi Roxburgh náà nìyẹn lọ́dún yẹn, àti odi Stirling lẹ́yìn tó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Bannockburn. Lójú tèmi ọgbọ́n ogun gidi ni, torí nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì padà gba Edinburgh ní 1335, àfi kí wọ́n tún un kọ́ kó tó wúlò fún wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, St Margaret's Chapel, tí ọba David kìíní kọ́ ní nǹkan bí 1130 ní ìrántí ìyá ẹ̀, ló dàgbà jù níbẹ̀ lónìí. Ó tiẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀tù ìbọn sí nígbà tó yá, àfi ní 1845 lẹnì kan tó ṣàkíyèsí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ọmọ Bruce fúnra ẹ̀, David kejì, ló wá bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ gogoro kan níbẹ̀ ní 1368. Àgbá ogun fọ́ ìyẹn náà ní 1573, wọ́n wá mọ ògiri Half Moon Battery, ibi tí wọ́n ń to àgbá ogun sí, bò ó, ìgbà tó di 1912 ni wọ́n tó rí àwókù ẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀.