Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ṣé Yorùbá Nìkan Tó Èèyàn Í Gbé Lọ sí Bahia?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé sí wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ Bràsíìlì ló wà nínú gbogbo wọn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tọ́jú owó, mo fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Salvador, ní Bahia, lóṣù January. Mi ò fẹ́ lọ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì kí n kàn máa ya fọ́tò etí òkun, àwọn èèyàn ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, kí n jẹ oúnjẹ wọn, kí n wọ ilé wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ kọ́ Potogí kankan, pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, tí mo bá ti ní "ẹ káàárọ̀" báyìí wọ́n á dì mọ́ mi. Ṣé òótọ́ ni? – Ọmọ Mápó

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ, àmọ́ kò tíì débẹ̀. Potogí ni wọ́n ń sọ ní Salvador látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, lọ́jà, ní ọsibítù, níbi gbogbo. Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó wà nínú orin òrìṣà, ó wà nínú oúnjẹ, ó wà nínú orúkọ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀nà. Tó o bá dúró létí títì tó o ní "ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè wọ bọ́ọ̀sì Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ wọn", wọ́n á kàn máa wò ẹ́ ni.

Èmi náà ṣe é rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń dín acarajé ní Rio Vermelho, àdúgbò etí òkun kan ní Salvador, ìyá aláṣọ funfun, ó wé gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀, àkàrà ń ta nínú epo pupa, òórùn ẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi lójú ẹsẹ̀, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da Yorùbá bo ìyá yìí nìyẹn, n ò tiẹ̀ kí i lédè tiẹ̀. Ó ní acarajé, mo ní rárá o, àkàrà là ń pè é, "jẹ" tẹ́ ẹ fi sídìí ẹ̀ yẹn kì í ṣe ara orúkọ ẹ̀. Ìyá dákẹ́. Ó ta fún mi, ó gbowó ẹ̀, ó yíjú sí ẹni tó kàn. Ó ń dùn mí títí dòní. Ṣebí àwọn ìyá ńlá ẹ̀ ló gbé igbá yẹn kiri ìgboro Salvador nígbà ẹrú, tí wọ́n ń polówó ẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ra ara wọn padà, wọn ò sì gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ọdún 1888 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí ẹrú ní Bràsíìlì. Nígbà tó di 2005, ìjọba wọn kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí sílẹ̀ pé ogún orílẹ̀-èdè ni. Èmi wá dé lánàá, mo ń kọ́ ọ lórúkọ ọjà tó ń tà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní "Boa tarde, senhora, tudo bem?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé "quente ou frio?", gbígbóná àbí tútù, mo sì ti fẹ́ máa ṣàlàyé pé gbígbóná ni, kí lẹnìkan fẹ́ fi àkàrà tútù ṣe, kí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn mi tó nawọ́ sí abọ́ ata. Ọ̀rọ̀ ata ni o! Quente ni pé kí wọ́n ta á sí i dáadáa, frio ni pé kí wọ́n má fi sí i. Mo ní quente, ìyá dúró kó rí i bóyá omi á bọ́ lójú mi, kò bọ́, ló bá pariwo pe ẹnìkejì ẹ̀ pé kó wá wo obìnrin Nàìjíríà tó ń jẹ ata bí ẹni ń mu omi. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti rí mi lókèèrè ló ti ń fa àga. Òun ló wá fẹnu ara ẹ̀ bi mí pé báwo lẹ ṣe ń pè é nílé yín.

Nítorí náà, kọ́ Potogí fún oṣù mẹ́ta kó o tó lọ. Ìkíni ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ látorí gírámà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bíi tiwa, "você" ni fún ẹgbẹ́ ẹ, "o senhor" àti "a senhora" ni fún àgbà, wọ́n sì máa ń fi Seu tàbí Dona ṣáájú orúkọ. Tó o bá fẹ́ wọlé onílé, "com licença", bí àgò tiwa gẹ́lẹ́. Tó o bá bá wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní "servido?", ẹ wá jẹun nìyẹn. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tiwa tó wà lọ́dọ̀ wọn, x ni wọ́n fi ń kọ ṣ, torí ẹ̀ ni axé àti orixá fi rí bẹ́ẹ̀ lójú. Tí wọ́n bá sì ní amalá, tó o wá rí ilá, má bá wọn jiyàn, oúnjẹ Ṣàngó ni, ilá ni wọ́n fi ń sè é.

Áàpù bíi Tandem àti HelloTalk wà tó o ti lè rí ẹni tẹ́ ẹ jọ máa pààrọ̀ èdè, ìwọ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Yorùbá, òun náà fún ẹ ní Potogí. Má rò pé o ò ní nǹkan tó o fẹ́ fún wọn o! Ọ̀pọ̀ ọmọ Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, ló ń wá ẹni tó máa túmọ̀ orin tí wọ́n ti ń kọ láti kékeré fún wọn, kódà yunifásítì Bahia ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá láti bí ọdún 1960 síwájú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa mú ẹ lọ sílé ìyá ẹ̀. Tí owó bá sì gbà á, má tíì padà wálé títí February 2 á fi kọjá, ọjọ́ Iemanjá, Yemọja tiwa, ni, gbogbo Rio Vermelho á kún fún òdòdó tí wọ́n ń gbé lọ sínú òkun.

ÌBÉÈRÈ: Ìyáàfin, mo kí i yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Peckham ni mo wà. Ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ sí Bahia fún àádọ́rin ọdún mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbowó mú àlejò lọ wo ọdún òrìṣà lálẹ́. Ṣé ó bójú mu? Ṣé mo lè ya fídíò fún àwọn ọmọ-ọmọ mi? – Ìyá Olùkọ́

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ kú oríire, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé. Ọdún tí wọ́n bá ṣe ní gbangba ní terreiro, ilé òrìṣà wọn, ẹnikẹ́ni ló lè wá, ọ̀fẹ́ ni, owó tí àwọn yẹn ń gbà, owó mọ́tò àti ti afinimọ̀nà ni. Ó sàn kí ẹni tó mọ ilé yẹn mú yín lọ. Ẹ wọ funfun, ẹ má wọ dúdú rárá, ibi tí wọ́n bá fi yín sí ni kẹ́ ẹ jókòó sí, torí nílé púpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi fóònù sínú báàgì. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lùlù, ṣáájú ìgbà yẹn sì rèé, wọ́n máa ń ya wọlé, wọ́n á kó ìlù àti ohun mímọ́ wọn lọ. Ilé bíi Ilê Axé Opô Afonjá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, gba inú gbogbo ẹ̀ kọjá. Èèyàn tí ojú ẹ̀ ti rí nǹkan báyẹn, kò yẹ ká tún gbé kámẹ́rà sí i lójú. Ẹ fi etí gbọ́ ọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, orin míì á yé yín, omi lè bọ́ lójú yín. Tí ìlù bá dákẹ́, wọ́n á pín oúnjẹ, "ajeum" ni wọ́n ń pè é. Ẹ má tíì lọ, ẹ dúró jẹ ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ráyè bá àlejò sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, èmi ò lówó Bràsíìlì, àmọ́ ọmọbìnrin kan láti Salvador tá a jọ ń kọ́ra wa lédè ń bọ̀ ní Èkó fún ọjọ́ márùn-ún. Ibo ni kí n mú un lọ yàtọ̀ sí àwọn mọ́ọ̀lù Lekki? – Ọmọ Ṣómólú

ÌDÁHÙN: Mú un lọ sí Pópó Àgùdà ní Lagos Island, ní àgbègbè Campos, níbi táwọn tó padà dé láti Bràsíìlì tẹ̀dó sí, kó rí orúkọ bíi Pereira àti da Silva lára àwọn ọmọ Èkó. Tó bá bọ́ sí Good Friday, wá ilé Àgùdà tí wọ́n ti ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Lẹ́yìn ìyẹn, mú un wálé. Jẹ́ kí màmá ẹ dín àkàrà láàárọ̀ Sátidé, kí àlejò náà fọwọ́ ara ẹ̀ bó ẹ̀wà, kó lù ú, kó máa sọ fún màmá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn, ìwọ ni kó o máa túmọ̀.