Òkúta tí ó yí padà láìyọ́: ohun tí ọsàn wẹ́wẹ́ fi hàn mí

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé òkúta ayípadà, ìyẹn òkúta tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ yí padà láìyọ́, fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, àti ìdí tí mábù àti gneiss, òkúta oní-ìpele dúdú àti funfun, fi wà lábẹ́ orúkọ kan náà nígbà tí wọn kò jọra. Iṣẹ́ títo òkúta sí ilé ìdáná ni mo ń ṣe ní Múṣin àti Sùúrùlérè, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ìdáhùn náà.

Wọ́n ta òkúta funfun kan fún mi pé quartzite ni, ìyẹn òkúta ayípadà mìíràn tí ó le ju mábù lọ, mo sì tò ó sórí tábìlì ìdáná ìyá kan ní Yábà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi pè mí pé gbogbo ibi tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kán sí ti ṣá, kò sì ṣeé nù. Mábù ni. Èmi ni mo san owó òmíràn.

Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ ni ó sọ mábù àti quartzite di ohun tí wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n orírun wọn yàtọ̀: òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún símẹ́ǹtì, ni ó ń di mábù, òkúta oníyanrìn ni ó sì ń di quartzite. Ásíìdì, irú èyí tí ó wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ń jẹ ẹfun, kò sì rí yanrìn gbé ṣe. Ọ̀bẹ a máa ha mábù, ṣùgbọ́n kì í ha quartzite. Ẹ̀yìn òkúta, níbi tí wọn kò tíì dán, ni mo ń dán an wò báyìí, nítorí ohun tí wọ́n fi pa ojú rẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé òkúta náà yọ́. Bí amọ̀ ìkòkò ṣe ń le nínú iná láìyọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí òkúta bá sì yọ́ pátápátá kí ó tó dì, ó ti di ẹ̀yà mìíràn nìyẹn, bíi gíránáìtì.

Ìlà ara òkúta ayípadà ni a fi ń pín in. Mábù àti quartzite kì í sábà ní ìlà. Amọ̀ tí ó ti di òkúta ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ di slate, lẹ́yìn náà phyllite, lẹ́yìn náà schist tí ń dán yinrinyinrin, bí ooru bá sì tún pọ̀ sí i, gneiss tí dúdú àti funfun rẹ̀ tò ní ìpele. Ìlà wọ̀nyí máa ń dábùú agbára tí ó tẹ òkúta náà mọ́lẹ̀, kì í tọ́ka sí i.

Lójú ilẹ̀ Èkó, yanrìn àti amọ̀ ni ó pọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe wá gneiss nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí ẹ tú òkìtì òkúta tí típà kó wá láti ìhà Abẹ́òkúta. Gíránáìtì ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní ìpele dúdú àti funfun ni kí ẹ mú lọ.