Kí o tó gba fọ́ọ̀mù, wo ìwé orúkọ

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. O ní ọdún kẹrin rèé tí o ti ń fi Koha, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣètò ìwé láíbìrì, ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Oǹdó, pé ẹgbẹ́ àwa tí à ń lò ó fẹ́ yan ọmọ bọ́ọ̀dù tuntun, o sì fẹ́ jáde. Ohun méjì lo bèèrè: kí ni kí o kọ sínú ọ̀rọ̀ 200 tí wọ́n ní kí olùdíje fi sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àti ta ni kó fà ọ́ kalẹ̀. Wàá gbọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú 200 yẹn, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ lónìí, kí o bi í pé orúkọ ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Lónìí ni mo wí o, má dúró de ọjọ́ Ajé.

Ní 2018 ni mo kọ́kọ́ jáde. Kí n má purọ́, mo ti kà á sí pé mo ti wọlé. Èmi ni mo gbé Koha wọ láíbìrì wa níbí ní Àkúrẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé Debian, ètò tí Koha ń jókòó lé lórí, sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ láíbìrì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kó àkọsílẹ̀ ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá jáde nínú sọ́fítíwíà àtijọ́ kan tí kò gbọ́ MARC, ìlànà tí àwọn láíbìrì fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé sórí kọ̀ǹpútà, rárá. Èmi ni mo ń lẹ bákóòdù mọ́ ìwé títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ sí mi léèékánná. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́, ẹni tí sáfà rẹ̀ bá kú, èmi ló ń pè, kódà lálẹ́ ọjọ́ Kérésì. Mo kọ fọ́ọ̀mù, ẹni méjì fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́ nígbà tó ku ọjọ́ 11 kí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ kẹrin, èsì dé. Ìlà kan péré: a kò rí orúkọ yín láàárín ọmọ ẹgbẹ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ju fóònù nù. Àṣé ní ẹgbẹ́ tiwa, láíbìrì ló ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe èèyàn. Ìbò kan fún láíbìrì kan, ẹni tí láíbìrì bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ nìkan ló lè dìbò, òun náà nìkan ló sì lè díje. Ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ tiwa ni ọ̀gá wa àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì láti 2015, tó ti wà ní oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Ìdànrè. Bàbá náà kò tilẹ̀ rántí password ímeèlì yẹn mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹgbẹ́ fi ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí oko kòkó, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè pé kí ló dé tí láíbìrì yìí kì í dìbò.

Wọ́n ní kò le, kí n kàn mú lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì rẹjísítírà pé èmi ni aṣojú tuntun. Kí n kàn mú lẹ́tà wá! Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rí.

Ọjọ́ Ajé, mo tẹ lẹ́tà, mo gbé e lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ kò gbójú sókè, ó ní kí n lọ gba nọ́ńbà fáìlì. Mo dé yàrá fáìlì, ìyá tó wà níbẹ̀ ní fáìlì láíbìrì ti jáde, ó wà lórí tábìlì ọ̀gá kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá náà ti lọ sí Abuja, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́rú, ẹnì kan rí kọ́kọ́rọ́. Fáìlì jáde, wọ́n fi okùn pupa so ó, eruku orí rẹ̀ tó láti fi kọ orúkọ. Ìwé tó wà lókè pátápátá ni lẹ́tà tí mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù fún yàrá sáfà lọ́dún méjì ṣáájú. Ẹnì kan ti fi báírò pupa kọ K.I.V. (keep in view, pé kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ ná) sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ pé tí wọ́n bá ti kọ K.I.V. sí ìwé, ó di gbére. Ọdún méjì ni mo fi rò pé lẹ́tà yẹn sọnù lọ́nà, tí mo sì ń fi fáànù tábìlì fẹ́ sáfà bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ta ni mí tí mo fi ń fi orúkọ ara mi ránṣẹ́, pé ọ̀gá láíbìrì ló yẹ kó kọ lẹ́tà náà. Ọ̀gá láíbìrì tuntun wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ṣé owó ìjókòó wà nínú bọ́ọ̀dù yìí. Mo ní kò sí, sà. Ó ní kí ló wá ń lé mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀ kí òun rò ó. Bí mo bá ní owó wà níbẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá lọ! Ọjọ́ Ẹtì, ó fọwọ́ sí i nígbà tí òòrùn ti ń wọ̀. Ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ ti lọ kírun Jímọ́ láti ọ̀sán, kò sì padà wá mọ́. Ọjọ́ Ajé kejì ni òǹtẹ̀ tó balẹ̀. Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ ímeèlì ẹ̀bẹ̀ ojú ewé méjì. Wọ́n ní òfin ni òfin. Àwọn tí kò tún ìwé orúkọ ṣe láti 2015 ni wọ́n ń ka òfin sí mi létí. Títí di òní, tí mo bá rántí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ti owó ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Bọ́sárì yín á sọ fún ọ pé àwọn ti san. Má gbà á bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n san tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára tíránsífà ni “payment”, kò sí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ọdún. Nígbà tí mo dé bọ́ọ̀dù lẹ́yìn náà, akápò ṣí ìwé rẹ̀ fún mi, mo rí owó tí kò ní bàbá, owó láíbìrì bíi mélòó kan, tí wọ́n ti kà sí ẹni tó jẹ gbèsè. Gba rìsíìtì, ya fọ́tò rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí ara rẹ.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí la fẹ́ fi orúkọ inú ìwé ṣe, iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì. Kí wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó bí Koha gan-an. Láíbìrì Horowhenua ní New Zealand ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún òun ní 1999, nítorí pé sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò fẹ́ dákú tí ọdún 2000 bá wọlé. Ilé-iṣẹ́ Katipo kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 2000, wọ́n sì fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bùn ni koha ń jẹ́ ní èdè Māori. Ó wá di 2011, ilé-iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà ti fẹ́ fi orúkọ Koha sí abẹ́ ara rẹ̀ ní ìwé ìjọba New Zealand, nílé onílé! Àwọn tó ni ẹ̀bùn wá ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ káàkiri ayé kí wọ́n má bàa gba orúkọ ọmọ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n borí, ṣùgbọ́n ó tó bí ọdún méjì. Ìwé lásán nìyẹn o.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ 200. Èyí tí mo kọ ní 2018 kò tilẹ̀ dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́, torí nǹkan ìtìjú ni. Dígírì mi ló kún un, nọ́ńbà tí ìjọba fi forúkọ wa sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí láíbéríà, pé mo wà ní Ìbàdàn ní 2015 nígbà tí ìpàdé Koha àgbáyé wá síbẹ̀. Gbogbo olùdíje ló ní dígírì. Àwa tó ń dìbò ń wá ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, nǹkan méjì péré ni mo kọ. Àkọ́kọ́, pé tí iná bá já lójijì tí sáfà bá kú láìrò, àwárí kátálọ́ọ̀gù á máa mú òfo wá bí ẹni pé kò sí ìwé kankan nílé, ẹ̀rù á sì ba ọmọ iṣẹ́ pé gbogbo ìwé ti parẹ́. Wọn ò parẹ́, Zebra, atọ́ka tí Koha fi ń wá ìwé, ló yẹ kí a tún kọ́, àṣẹ ìlà kan ni, koha-rebuild-zebra, mo sì máa kọ ọ́ sí ojú ewé kan tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Èkejì, pé oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá ni Koha tuntun máa ń jáde lọ́dọọdún, ẹ̀rù ń bà wá láti gbé e sókè, ọ̀pọ̀ wa sì ti há sórí èyí tó ti gbó. Lẹ́yìn ìgbéjáde kọ̀ọ̀kan, màá jókòó pẹ̀lú ẹni tó bá fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ká jọ gbé e. Ó tán. Ìwọ wá ohun tí ọwọ́ rẹ ti tún ṣe rí, kọ ọ́.

Ẹni tó máa fà ọ́ kalẹ̀: ẹni tó ń dáhùn ímeèlì, tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, tí orúkọ òun náà wà nínú ìwé. Ọ̀gá ńlá tí kì í ṣí ímeèlì kò wúlò fún ọ.

Ní 2020 ni mo tún jáde, Kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé, Zoom ni a fi bá olùdìbò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹnì kan kó kàn mí ni iná lọ. Mo sáré wọ inú mọ́tò, mo gbé fóònù lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe ní ẹ káàsán ni ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀. Mo yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, òógùn ń ro sórí bùbá mi, mo ń pariwo Zebra, Zebra bí ẹni ń ta ọjà. Bàbá kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nítorí òógùn yẹn ni òun ṣe dìbò fún mi. Nítorí náà, ṣáájì fóònù, ra dátà ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, kí o sì mọ ìgbà tí àwọn tó ń lọ ata máa ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín.

Tí o bá wọlé, má gbà kí wọ́n fi ọ́ ṣe akápò lọ́dún àkọ́kọ́. Má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé wàá gbé sáfà wọn sọ́dọ̀ rẹ. Kí láíbìrì kankan má sì gbé password ńlá fún kọ́ńsọ́tántì kan ṣoṣo. Mo mọ ibi kan tí ọkùnrin náà ti bínú lọ pẹ̀lú password lápò, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń yá ìwé fún ọmọ iléèwé lórí bébà. Ìyẹn tilẹ̀ kọ́ lo bèèrè.

Ṣé rẹjísítírà yín wà nílùú lọ́sẹ̀ yìí? Tí ó bá wà, fúnra rẹ ni kí o gbé lẹ́tà náà lọ lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ọ̀gá láíbìrì yín ti fọwọ́ sí i, kí o sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.