Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé fíìmù oníjà ló ń sọ àwọn ọmọ wa di oníjà?

ÌBÉÈRÈ: Salamu alaekum wa rahmatullah, Alfa wa. Ìta Ẹléwà níbí ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mọ́kànlá, tó bá ti dé láti ilé kéwú báyìí, fóònù bàbá ẹ̀ ló máa kì mọ́lẹ̀, rẹ́slìn àti géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn, òun náà ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìjẹta ló gbé àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, sókè, ó sì là á mọ́ símẹ́ǹtì bí àwọn onírẹ́slìn yẹn ṣe máa ń ṣe, eyín méjì ló jáde lẹ́nu ọmọ. Mo ní màá fọ́ fóònù yẹn, bàbá ẹ̀ ní ọmọdé ló ń ṣeré, pé òun náà wo fíìmù Ṣáínà dàgbà, ta lòun pa? Alfa kan sì sọ ní wàásí pé hárámù ni gbogbo fíìmù, pé òun ló fa gbogbo ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ̀sìn sọ? Àti pé téèyàn bá ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti àsìkò nígbà àwẹ̀ kílẹ̀ lè tètè ṣú, ṣé àwẹ̀ ẹ̀ ò ní bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salam wa rahmatullahi wa barakatuh. Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ọmọ kékeré yẹn. Ká dúpẹ́ pé eyín ló jáde, tó bá jẹ́ ọrùn ló fi gúnlẹ̀ ni, ọ̀tọ̀ lohun tá à bá máa sọ báyìí.

Bàbá ọmọ ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, torí kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Àwa tá a wo fíìmù Ṣáínà ní kékeré, tá a so àkísà mọ́rí, tá a fi igi ṣe idà kiri àdúgbò, a pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ wa ti di bàbá ọlọ́mọ, a ò pààyàn. Àwọn onímọ̀ gan-an ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ìyẹn APA, sọ ọ́ síta ní 2020 pé kò sí ẹ̀rí tó tó téèyàn lè fi sọ pé géèmù oníjà ló ń múni hùwà ipá gidi, àmọ́ wọn ò dákẹ́ síbẹ̀ o, wọ́n ní ó máa ń bá jàgídíjàgan kéékèèké rìn, bíi kéèyàn máa jágbe mọ́ ẹnìkejì tàbí kó máa tì í, pé kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní Oxford náà wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 sí 15 ní ìlú Ọba, wọ́n tó bí ẹgbẹ̀rún kan, èsì wọn jáde ní 2019, àwọn ní tiwọn láwọn ò rí i pé géèmù oníjà ló ń sọ wọ́n di oníjàgídíjàgan rárá. Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn fúnra wọn ò tíì fẹnu kò.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 kọ́ la ní nílẹ̀, eyín tó jáde lẹ́nu ọmọ sì ni ẹ kọ́kọ́ bi mí, màá padà sórí ti ìpànìyàn. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Albert Bandura, yunifásítì Stanford ló wà. Ní 1961, ó kó àwọn ọmọ 72 jọ, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ó jẹ́ kí apá kan nínú wọn rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, ó ń gbá a, ó ń fi òòlù onígi kàn án lórí, ó sì ń fẹnu sọ̀rọ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wá fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú gẹ́lẹ́ bí àgbàlagbà yẹn ṣe lù ú, títí dórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Ní 1963 ó fi fíìmù dánwò, ohun kan náà lọmọ ń ṣe. Àwọn kan ti bá a jiyàn pé bèbí kì í ṣe èèyàn, wọ́n kúkú ṣe é pé kí wọ́n máa gbá a ni, kó sì máa dìde padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tiyín ò rí bèbí, àbúrò ẹ̀ ló rí, kò sì bínú sí i rárá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé e sókè. Ọmọ ò mọ̀ pé àwọn yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, pé ilẹ̀ tí wọ́n ń là mọ́lẹ̀ yẹn ń mì, kì í ṣe símẹ́ǹtì. Ta ló yẹ kó sọ fún un? Bàbá tó ni fóònù ni. Ànábì (SAW) ní olùṣọ́ ni gbogbo yín, wọ́n á sì bi kálukú nípa ohun tó ń ṣọ́, Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ sínú ìwé, ló gbà á wá.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Alfa tó ní gbogbo fíìmù hárámù, mi ò lè bá a lọ síbẹ̀. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé lọ́jọ́ ọdún, àwọn ará Habáṣà (Ethiopia) ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláṣí Ànábì, ìyá wa Aisha, aya Ànábì, sì ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn Ànábì fúnra ẹ̀, ó fi aṣọ ẹ̀ ṣíji bò ó, kò sì kúrò níbẹ̀ àfìgbà tó sú Aisha. Ọ̀kọ̀ ni o, nínú mọ́sáláṣí. Ẹni tó bá ní kéèyàn máà wo eré tó ní ìjà nínú láéláé, kó bá mi túmọ̀ hádíìsì yẹn ná.

Èyí tó ní fíìmù ló fa ìpànìyàn Ìkòròdú ló dùn mí jù. Àwa tá a wà níbí ní 2016 sí 2017 ò lè gbàgbé àsìkò Badoo, ẹgbẹ́ apààyàn yẹn, bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé lóru tí wọ́n ń fi ọlọ fọ́ orí tọkọtìyàwó tọmọtọmọ, tá ò lè sùn, táwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi àdá àti tọ́ọ̀ṣì ṣọ́de. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Téèyàn bá ní fíìmù ló rán an, ó ti fẹ́ bá a gbé ẹrù ẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti sọ nínú Súúrà Máídà, áyà 32, pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́, bí ẹni pa gbogbo èèyàn ló rí. Kò sí ọ̀rọ̀ "mo rí i nínú fíìmù ni" níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé nínú oṣù keje 2017, àwọn èrò lu àwọn kan pa ní Odógúnyàn wọ́n ní Badoo ni wọ́n, aláwàdà kan tó wá sóde wà nínú wọn, aláìṣẹ̀ ni. Fíìmù wo làwọn tó lù ú wò? Ẹ̀rù, ìbínú, àti ìròyìn tẹ́nì kankan ò wádìí ni. Súúrà Hujurat, áyà kẹfà, tó ní tí pòkíì bá mú ìròyìn wá kẹ́ ẹ wádìí ẹ̀, à ń kà á lójoojúmọ́!

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois, ìlú wa níbí náà ni wọ́n ti jáde, fíìmù oníjà àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wò tí wọ́n ń fi bárò àti ohun èlò inú ilé ṣe tiwọn, ní 2020 àwọn tó ṣe ọ̀kan nínú fíìmù yẹn gan-an rí i, wọ́n yìn wọ́n káyé gbọ́. Ìjà ni wọ́n wò, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kọ́ níbẹ̀.

Ṣé ohun tí mò ń sọ wá ni pé kò séwu? Rárá o. Hudhayfah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, gbà á wá nínú ìwé Muslim pé Ànábì (SAW) ní wọ́n á máa kó fìtínà wá síwájú ọkàn bí wọ́n ṣe ń hun ẹní, koríko kan lẹ́yìn ìkan, ọkàn tó bá fà á mu, àmì dúdú kan á bọ́ sí i lára, èyí tó bá kọ̀ ọ́, àmì funfun ni. Ibẹ̀ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà kà. Kò sẹ́ni tó wo fíìmù kan lálẹ́ tó jí láàárọ̀ tó di apààyàn, àmọ́ tójú bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò ní ka ọkàn láyà mọ́.

Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe rẹ́slìn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Fíìmù oògùn owó ni. Wọ́n á gbé ọmọ kan tí ò ní nǹkan kan, á lọ bá babaláwo, wọ́n á ní kó mú orí èèyàn wá, á mú un wá, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú yàrá bí ìyẹ̀fun, mọ́tò, ilé, obìnrin. Wọ́n á ní àwọn fi ń kìlọ̀ ni torí ó ya wèrè ní ìparí. Ìparí tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ìgbádùn tó gba wákàtí kan! Ohun tọ́mọ rí mú níbẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ ń di owó. Irọ́ gbuu ni, ó sì ba ìgbàgbọ́ jẹ́ torí Ọlọ́hun nìkan ni Olùpèsè, àìmọye ọmọ sì ti ń gba irọ́ yẹn gbọ́ kí wọ́n tó mọ kúlúwalláhù kà dáadáa. Ìjọba gan-an rí i, ní 2024 ni àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, Censors Board, kéde pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé oògùn owó lárugẹ nínú fíìmù mọ́. Èmi ò ní í gba irú ẹ̀ láyè nílé mi, tiyín náà ẹ má gbà á, kódà kó má sí ẹ̀ṣẹ́ kan nínú ẹ̀.

Skíìtì, àwọn fídíò apanilẹ́rìn-ín kéékèèké yẹn, ńkọ́? Gbogbo ẹ̀rín ibẹ̀, ìfọ́tí ni. Ànábì sì ní tẹ́nì kan bá ń jà kó yẹra fún ojú. Prank tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn lójú títì, òun náà ní hádíìsì tiẹ̀: sàhábà kan sùn, ẹnì kan mú okùn ẹ̀, ìyẹn ta jí pẹ̀lú ìjayà, Ànábì ní kò tọ́ fún Mùsùlùmí láti dẹ́rù ba Mùsùlùmí, Abu Dawud ló gbà á wá. Okùn lásán o.

Fídíò ibi tí wọ́n ti ń dáná sun olè, tàbí táwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti ń ṣá ara wọn, tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àsàlátù lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ìyẹn kì í ṣe eré, òkú ọmọ ẹlòmíì ni. Ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó pa géèmù ọmọ rẹ́.

Ohun kan wà tí mo máa sọ, ẹ̀yin Alfa ẹlẹgbẹ́ mi ẹ má bínú. Ọmọ tó ti ilé kéwú dé, tí pàṣán ti dégbò sí lẹ́yìn torí ó ṣi áyà kan kà, níbo ló ti kọ́kọ́ rí i pé alágbára ló máa ń lu aláìlágbára? Ìyá wa Aisha ní Ànábì ò fọwọ́ ẹ̀ lu nǹkan kan rí, ì báà ṣobìnrin, ì báà ṣe ìránṣẹ́, àyàfi lójú ogun fún Ọlọ́hun. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ náà.

Fóònù ọ̀hún, ẹ má fọ́ ọ, ti ọkọ yín ni, Ànábì sì sọ pé Ọlọ́hun kórìíra ká máa fi dúkìá ṣòfò. Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́tù: kó fi nọ́ńbà tì í, kọ́mọ máa gbà á lẹ́yìn tó bá ti kírun Àlásárì, fún àsìkò díẹ̀, níwájú yín nínú pálọ̀, kì í ṣe lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn paayan, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Rẹ́slìn yẹn, mo mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ò ní í gbà láti fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kó jókòó tì í wò ó nígbà náà, kó sì fi ìhòòhò tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó wá sọ hádíìsì Abu Hurayra fún un pé ẹni tó ń da èèyàn délẹ̀ kọ́ ni alágbára, ẹni tó kápá ara ẹ̀ nígbà tí inú ń bí i ni. Kí ọmọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún náà ní ẹ̀tọ́.

Ti àwẹ̀: kò bàjẹ́, kò sí gbèsè kankan lọ́rùn yín, torí wíwo nǹkan ò sí lára ohun tó ń já àwẹ̀. Àmọ́ Bukhari gbà á wá pé ẹni tí ò bá fi ọ̀rọ̀ irọ́ àti ìṣe irọ́ sílẹ̀, Ọlọ́hun ò bùkátà sí pé ó fi oúnjẹ àti omi ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ kílẹ̀ lè tètè ṣú ni, lẹ́yìn ìrun Àìlà ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá máa fi jí, iná ìṣínu ló kù tẹ́ ẹ máa dá.

Wallahu a'lam.