Ẹ má da gbogbo omi yẹn nù

Ẹ kú ìfaradà o. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa táǹkì gíláàsì lítà 60 tí ẹ gbé sí pálọ̀ yín ní Ìdí-Abà. Ẹ pọn omi kànga kún un, ẹ kó góòlùdìfíìṣì mẹ́rin sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí omi fi funfun bí omi ògì, tí àwọn ẹja ń yọ ẹnu sókè. Ẹni tó tà á fún yín ní kí ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ táǹkì àti fóòmù inú fílítà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Omi á mọ́ lójú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta lóòótọ́, lẹ́yìn náà á tún padà síbi tó wà lónìí, ẹja yín á sì ti rẹ̀ sí i.

Ẹja ń tú ammonia, ìyẹn ìdọ̀tí olóró ara rẹ̀, sínú omi tọ̀sán tòru. Ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde, kì í ṣe ìgbẹ́ rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ náà ń di ammonia bó ṣe ń jẹrà. Nínú táǹkì tó ti pẹ́, bakitéríà kan wà tó ń sọ ammonia di nitrite, òmíràn á sì sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní nǹkan àfi tó bá pọ̀ gan-an. Ti yín kò tíì ní wọn tó. Ara fóòmù, ara òkúta wẹ́wẹ́ àti ara gíláàsì ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń léfòó nínú omi. Ẹ lè bu ìdajì omi dànù, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ẹ fi ọṣẹ fọ fóòmù, ọjọ́ kìíní lẹ tún wà yẹn. Funfun tí ẹ ń rí, bakitéríà mìíràn ni, èyí tó ń jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Kì í pa ẹja fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń bá ẹja du afẹ́fẹ́ inú omi. Yóò lọ bó ṣe wá.

Lálẹ́ òní, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, kódà lọ́la náà. Ebi ọjọ́ mẹ́ta kò ní pa góòlùdìfíìṣì tára rẹ̀ le, ammonia lè pa á. Ẹ bu ìdajì omi kúrò, kí ẹ rọra da tuntun sí i, omi tó ti wà nínú ilé tí ooru rẹ̀ bá ti inú táǹkì mu. Garawa tí ẹ máa lò, kó máà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń fọṣọ.

Omi wo lẹ máa lò? Èyí ni mo rò pé a kì í bi ara wa tó l'Ábẹ́òkúta. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà láti odò Ògùn, tó bá yọ, kílórìnì wà nínú ẹ̀, kílórìnì yìí ń pa ẹja lára, ó tún ń pa bakitéríà tí ẹ ń wá. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 24 láìdé e, kí ẹ sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, tàbí kí ẹ kán oògùn tó ń pa kílórìnì sí i. Omi kànga àti ti bóòhóòlù kò ní kílórìnì, inú wa a máa dùn sí ìyẹn jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ lè wá láìní afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí, kí gáàsì carbon dioxide sì kún inú rẹ̀. Ẹ wọn pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan sí (bó ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i), bí ẹ ṣe ń pọn ọ́n, ẹ tún un wọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lè rí i pé ó ti gòkè dáadáa. Torí náà kó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú. Tí kànga bá sún mọ́ ṣaláńgá, ẹ dán an wò fún nitrate kó tó kan táǹkì rárá, torí mo ti rí kànga tí omi rẹ̀ burú ju inú táǹkì lọ. Omi òjò orí páànù tuntun, ẹ fi sílẹ̀ fún òdòdó: zinc ara páànù máa ń bá omi wá, ẹja kò sì fẹ́ ẹ.

Kíìtì ìdánwò tí wọ́n ń kán oògùn rẹ̀ sínú ìgò kékeré ni kí ẹ fi owó yín rà, kì í ṣe ti bébà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n iye ẹja mẹ́rin mìíràn náà kò kéré. Ẹ máa wọn ammonia àti nitrite lójoojúmọ́. Tí ammonia bá kan mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi. Tó bá jẹ́ 0.25, ìdámẹ́rin tó. Ìṣirò ibẹ̀ kò le: tó bá jẹ́ 2 lẹ rí, ìdajì omi tuntun á sọ ọ́ di 1, kò ní sọ ọ́ di òfo, torí náà ẹ tún ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe gbogbo ammonia yẹn ni oró. pH àti ooru ló ń pinnu èyí tó máa di oró nínú rẹ̀. Láti pH 7 sí pH 8, apá tó ń pa ẹja á fi bí ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i. Ooru wa níbí náà ń dá kún un: tẹmómítà lè kan 30 láàárín February sí March, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Ẹ gbé táǹkì kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ooru náà ní àǹfààní tirẹ̀ ṣá o, bakitéríà wọ̀nyí ń yára pọ̀ ní 25 sí 30.

Ẹlòmíràn á wá rí i pé nǹkan ń lọ dáadáa, lójijì ammonia á dúró lójú kan, kò ní wálẹ̀ mọ́. Ẹ wo pH. Iṣẹ́ bakitéríà yìí ń jẹ ohun tó ń gbé pH omi dúró. Tí omi yín bá rọ̀, ìyẹn tí ohun yẹn kò pọ̀ nínú rẹ̀, pH á já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 6.5, bakitéríà á sì dẹwọ́. Ìkarahun ìgbín tí ẹ sè, tí ẹ fọ̀ dáadáa, tí ẹ fọ́ sínú àpò kékeré nínú fílítà, á máa gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó fi í sí i, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ omi kí ammonia wálẹ̀, torí pH tó bá gòkè nígbà tí ammonia ṣì pọ̀ ni ẹja máa fi kú lóru ọjọ́ kan.

Nitrite ni mo bẹ̀rù jù. Ammonia á ti wálẹ̀, gbogbo ilé á ti máa yọ̀, nitrite á wá gùn sókè láìsí àmì kankan lójú omi. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹja jẹ́ débi pé kò lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́. Ẹja á máa mí gúlegúle nínú omi tó mọ́ gaara, ibi tó fi ń mí á sì di pupa rúsúrúsú. Iyọ̀ ló ń gbà á. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, bíi gíráàmù 6, tó fún lítà 60 yín: chloride inú iyọ̀ ni kò ní jẹ́ kí nitrite ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Iyọ̀ ilé ìdáná náà ni. Tí ẹ bá bu ìdajì omi kúrò, ìdajì ṣíbí lẹ máa dá padà.

Ní ti iná, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bakitéríà inú fóòmù ń mí bíi tiwa, tí omi kò bá sàn gba inú rẹ̀ kọjá fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré oníbátìrì tó ń tan fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ, ẹ ra ọ̀kan kí ẹ tó ra òdòdó ike. Tí kò bá sí, ẹ yọ fóòmù síta inú fílítà sínú táǹkì, ẹ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi, kí ẹ dà á padà láti òkè. Omi ìdọ̀tí tí ẹ bù kúrò nínú táǹkì lẹ máa fi fún fóòmù nígbàkúùgbà tó bá dí.

Ẹnìkan ní àrọ̀ tí wọ́n ń tà ní Lafẹ́nwá ń wà nínú báfù látàárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí tiyín ò lè wà? Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Góòlùdìfíìṣì ò ní in.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà. Tí ammonia àti nitrite bá jẹ́ òfo lọ́jọ́ méje léra, tí nitrate sì ń gòkè, ó ti jinná. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi méjì kún un níparí oṣù. Mẹ́rin ti pọ̀ jù fún lítà 60 o, góòlùdìfíìṣì lè gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Tí ẹ bá mọ ẹnìkan nítòsí tó ní táǹkì ńlá tó ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò ní àrùn, ẹ gbé méjì lọ fún un, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó gé fóòmù fílítà rẹ̀ díẹ̀ fún yín. Nínú omi táǹkì rẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e bọ̀, kó máà gbẹ lọ́nà, kí ẹ sì tì í bọ inú fílítà yín lọ́jọ́ náà.